Ta Ni Ó Fi Ọba Jẹ? Ẹ̀kọ́ Láti Inú Ọ̀rọ̀ Elékòó Èṣùgbàyí



Àwọn àgbà wa a máa sọ pé ọba kì í pé méjì láàfin. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ìgbà kan wà ní ìlú Èkó tí ọba kan ń gbé Ìga Ìdúngánràn, tí ìjọba òyìnbó mọ̀ ọ́n ní ọba, nígbà tí ọba mìíràn wà ní ìgbèkùn ní Ọ̀yọ́, tí ọ̀pọ̀ ará ìlú kò sì yéé pè é ní ọba wọn. Ó tó ọdún mẹ́fà tí ọ̀rọ̀ náà fi wà bẹ́ẹ̀, láti 1925 títí di 1931. Ta ni ọba nínú wọn? Ṣé ẹni tí ìjọba fọwọ́ sí ni, tàbí ẹni tí ìlú gbà? Ìbéèrè yìí ni a fẹ́ gbé yẹ̀ wò, nítorí pé kì í ṣe ìtàn àtijọ́ lásán. Òun gan-an ni ó wà nídìí gbogbo ìjọba: ọwọ́ ta ni àṣẹ ti wá, ta ni ó sì lè dá aláṣẹ lẹ́kun?

Ìdí mìíràn tún wà tí a fi mú un wá sínú ìwé wa. Àwọn Mùsùlùmí Èkó wà láàárín ọ̀rọ̀ náà. Wọ́n ṣe ohun tí ó dára níbẹ̀, wọ́n sì ṣe àṣìṣe níbẹ̀. Ó yẹ kí àwọn ọmọ wa mọ méjèèjì.

BÍ ÀṢẸ ṢE BỌ́ LỌ́WỌ́ ỌBA ÈKÓ

Ní oṣù Kejìlá ọdún 1851, àwọn ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì yin ìbọn àgbá lu ìlú Èkó, wọ́n lé Ọba Kòsọ́kọ́ jáde, wọ́n sì dá Akítóyè padà sórí oyè. Wọ́n ní nítorí òwò ẹrú ni àwọn ṣe ṣe é, ṣùgbọ́n òwò tiwọn náà wà lọ́kàn wọn. Nígbà tí ó di ọjọ́ kẹfà oṣù Kẹjọ ọdún 1861, Ọba Dòsùmú, ọmọ Akítóyè, fọwọ́ sí ìwé tí ó gbé Èkó lé ìjọba Gẹ̀ẹ́sì lọ́wọ́. Wọ́n ṣe ìlérí pé àwọn yóò máa fún un ní owó lọ́dọọdún.

Ẹ kíyè sí ohun tí ó ṣẹlẹ̀ níbẹ̀. Kí òyìnbó tó dé, láti ọwọ́ ìlú àti òwò ìlú ni ọba ti ń jẹun. Lẹ́yìn 1861, ọwọ́ gómìnà ni ó ti ń gba owó. Ẹni tí ó ń jẹun lọ́wọ́ ẹni, ó ṣòro fún un kí ó tó lè kọ̀ sí ẹni lẹ́nu. Bẹ́ẹ̀ ni ìjọba ṣe rò ó: wọ́n rò pé bí owó bá ti wà lọ́wọ́ àwọn, ọba wà lọ́wọ́ àwọn, bí ọba bá sì wà lọ́wọ́ àwọn, ìlú náà ti wà níbẹ̀. Ọ̀rọ̀ Èṣùgbàyí, ará ìdílé Dòsùmú tí ó jọba ní 1901, ni ó fi hàn pé ìṣirò náà kò péye.

Ọ̀RỌ̀ OMI

Ìjọba pinnu pé àwọn yóò fa omi ẹ̀rọ wá sí Èkó láti Ìjù, kí àwọn ará ìlú sì máa san owó rẹ̀. Ní 1908, ọ̀pọ̀ ènìyàn rọ́ lọ sí ilé gómìnà láti sọ pé àwọn kò fẹ́. Wọ́n ní àwọn ní kànga, wọ́n ní nítorí àwọn òyìnbó ni wọ́n ṣe fẹ́ fa omi náà, wọn kò sì bi àwọn kí wọ́n tó dá owó lé àwọn lórí. Síbẹ̀ iṣẹ́ ń lọ. Ní 1915, wọ́n ṣí ilé iṣẹ́ omi Ìjù. Nígbà tí wọ́n fẹ́ gba owó náà ní 1916, ìlú gbóná. Ìjọba retí pé kí Elékòó pàṣẹ fún àwọn ènìyàn rẹ̀ kí wọ́n san án. Kò ṣe é bí wọ́n ti fẹ́, wọ́n sì kà á sí i lọ́rùn.

Kí a má purọ́, omi ẹ̀rọ dára. Àìsàn tí omi ìdọ̀tí ń fà kò kéré, lónìí kò sì sí ẹni tí yóò ní kí a dí ẹ̀rọ omi pa. Kì í ṣe omi ni ìjà náà dá lé lórí. Ohun tí ó dá lé lórí ni pé wọ́n ń bu owó lé ènìyàn lórí, kò sì sí ẹni tí àwọn ènìyàn náà yàn nínú àwọn tí ń bu owó ọ̀hún. Ohun rere tí a fi ipá ṣe fún ènìyàn, ojú ìwọ̀sí ni yóò fi wò ó.

Àárín àwọn Mùsùlùmí ni ọ̀rọ̀ yìí ti kọ́kọ́ tú ilé ká. Lẹ́mọ́mù àgbà àti àwọn tí ó tẹ̀ lé e gbà pé kí a ṣe bí ìjọba ti wí. Àwọn tí ó pọ̀ jù nínú ìjọ, tí wọ́n ń pè ní Jàmáà, yarí pé àwọn kò gbà. Àwọn tí wọ́n jọ ń kírun lẹ́yìn ẹnì kan náà di ẹni tí kò fẹ́ rí ara wọn sójú. Ọ̀rọ̀ mọ́sáláásí di ọ̀rọ̀ kóòtù. Ní 1919, nígbà tí wọ́n fi àwọn kan joyè láàárín àwọn Mùsùlùmí, tí Elékòó sì fọwọ́ sí i láìgba àṣẹ lọ́wọ́ ìjọba, ìjọba dá a dúró fún ìgbà díẹ̀. Ẹ ò rí i bí ìjà tí àwa fúnra wa kò lè parí nínú ilé ṣe fún ẹni òde láyè láti wọlé dé yàrá?

ILẸ̀ OLÚWA

Bí ti omi ti ń lọ, ti ilẹ̀ náà ń bọ̀. Ní 1913, ìjọba gba ilẹ̀ ńlá kan ní Àpápá fún iṣẹ́ ìlú. Àwọn ìjòyè onífìlà funfun tí a ń pè ní Ìdẹ́jọ ni wọ́n ń mójú tó ilẹ̀ Èkó láti ìbẹ̀rẹ̀, ilẹ̀ Àpápá yìí sì wà lábẹ́ Olóyè Amodu Tijani, tí í ṣe Olúwa. Mùsùlùmí ni. Ó ní kí ìjọba san owó gbogbo ilẹ̀ náà. Ilé ẹjọ́ ní Èkó sọ pé ẹ̀tọ́ Olúwa kò tó bẹ́ẹ̀, pé kì í ṣe òun ni ó ni ín.

Olúwa kò gbà. Ní 1920 ó wọ ọkọ̀ ojú omi lọ sí Lọ́ńdọ̀nù, síwájú àwọn adájọ́ àgbà tí wọ́n ń pè ní Privy Council. Ẹni tí ó bá a lọ ni Herbert Macaulay, ọmọ ọmọ Bíṣọ́ọ̀bù Àjàyí Crowther. Ẹ gbọ́ o: Mùsùlùmí ni olóyè, ọmọ ọmọ bíṣọ́ọ̀bù ni akọ̀wé rẹ̀, ọ̀pá àṣẹ Elékòó sì wà lọ́wọ́ wọn. Kò sí ẹni tí ó bi ẹnì kejì pé níbo ni o ti ń jọ́sìn kí wọ́n tó gbéra.

Ní oṣù Keje ọdún 1921 ni ìdájọ́ jáde. Àwọn adájọ́ náà sọ pé ìwé tí Dòsùmú fọwọ́ sí ní 1861 kò gba ilẹ̀ lọ́wọ́ àwọn tí ó ni ín. Wọ́n ṣàlàyé pé ìdílé àti ìlú ni ó ni ilẹ̀ nínú àṣà wa, olóyè sì ń mójú tó o fún wọn ni. Ní ìgbẹ̀yìn, £22,500 ni ìjọba san.

Ṣùgbọ́n kí ìdájọ́ náà tó jáde, ọ̀rọ̀ mìíràn ti ṣẹlẹ̀. Àwọn ìwé ìròyìn Lọ́ńdọ̀nù gbé ọ̀rọ̀ Macaulay jáde, ọ̀rọ̀ tí ó gbé Elékòó ga ju bí ìjọba ti fẹ́ lọ. Ìjọba ní kí Elékòó rán akéde jáde pẹ̀lú agogo, kí ó ké e káàkiri ìlú pé irọ́ ni Macaulay pa. Elékòó sọ pé òun kò rán an ní irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ó kọ̀ láti rán akéde. Ní oṣù Kejìlá ọdún 1920, ìjọba kéde pé àwọn kò mọ̀ ọ́n ní olórí Èkó mọ́, wọ́n sì dá owó rẹ̀ dúró. Kí ni àwọn ará ìlú ṣe? Wọ́n ń lọ sí Ìga bí wọ́n ti ń lọ tẹ́lẹ̀. Ohun tí ìjọba fún un ni ìjọba gbà, ohun tí ìlú fún un kò sí lọ́wọ́ ìjọba láti gbà.

ORÚKỌ NÀÌJÍRÍÀ

Ní 1922 ni òfin tuntun ti ìgbà Gómìnà Clifford gbà kí àwọn ará Èkó yan ènìyàn mẹ́ta, kí Kàlàbá sì yan ẹnì kan, sínú ìgbìmọ̀ aṣòfin. Ọkùnrin tí owó tí ń wọlé fún un tó £100 lọ́dún nìkan ni ó lè dìbò. Òfin náà há, kò kan tálákà, kò kan obìnrin kankan. Síbẹ̀ ilẹ̀kùn ti ṣí díẹ̀. Ní oṣù Kẹfà ọdún 1923, Macaulay àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ dá ẹgbẹ́ Nigerian National Democratic Party sílẹ̀. Kì í ṣe ẹgbẹ́ tí Akíntọ́lá lo orúkọ yìí fún ní 1964 ni a ń wí. Ẹgbẹ́ ti 1923 yìí ni ó gba àyè mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti Èkó nínú ìdìbò náà, ó sì tún gbà á ní 1928 àti 1933.

Ẹ wo orúkọ tí wọ́n sọ ara wọn. Ọdún mẹ́sàn-án péré ni ó kọjá lẹ́yìn tí Lugard so Àríwá àti Gúúsù pọ̀ ní 1914. Èkó ni agbára ẹgbẹ́ náà mọ sí, ṣùgbọ́n Nàìjíríà ni wọ́n fi sọ orúkọ. Omi Èkó, ilẹ̀ Àpápá àti oyè Elékòó ni ó kó wọn jọ, nígbà tí wọ́n sì kó ara wọn jọ tán, wọ́n rí i pé ẹ̀tọ́ tí àwọn ń béèrè kì í ṣe ti Èkó nìkan. Kì í ṣe àsíá ni ó kọ́kọ́ sọ wọ́n di ọmọ orílẹ̀-èdè kan náà. Ìyà kan náà àti ẹ̀tọ́ kan náà ni.

ÌGBÈKÙN Ọ̀YỌ́

Ní 1925, àwọn kan nínú ìdílé ọba sọ pé àwọn ti yọ Èṣùgbàyí lóyè. Ìjọba gbà á bẹ́ẹ̀, wọ́n sì mọ Ibíkúnlé Akítóyè ní ọba. Ní oṣù Kẹjọ wọ́n lo òfin kan tí wọ́n ṣe ní 1917 nípa àwọn olóyè tí a bá yọ, wọ́n pàṣẹ pé kí Èṣùgbàyí kúrò ní Èkó, wọ́n sì gbé e lọ sí Ọ̀yọ́. Nígbà tí Akítóyè kú ní 1928, Sànúsí Olúsì ni ó gorí oyè. Mùsùlùmí ni Olúsì.

Ibí yìí ni a fẹ́ kí àwọn ọ̀dọ́ wa dúró sí kí wọ́n ronú. Ó rọrùn kí ẹni tí ó jẹ́ Mùsùlùmí wí pé, "Ẹni wa ti wà lórí oyè, ọ̀rọ̀ ti bùṣe." Ṣùgbọ́n púpọ̀ nínú àwọn Jàmáà kò tìtorí bẹ́ẹ̀ fi Elékòó sílẹ̀. A kò sọ èyí láti fi bú Olúsì, ọmọ ọba ni òun náà. Ohun tí a ń sọ ni pé wọ́n gbà pé wọ́n rẹ́ ẹnì kan jẹ, wọn kò sì jẹ́ kí ẹ̀sìn ẹni tí ó bọ́ sípò rẹ̀ di wọ́n lójú. Ọlọ́hun pa á láṣẹ fún wa nínú Suuratu Nisai pé kí a dúró ti ẹ̀tọ́, kódà bí ó bá ta ko àwa fúnra wa tàbí àwọn òbí wa.

Àwọn agbẹjọ́rò Èṣùgbàyí bẹ ilé ẹjọ́ pé kí ìjọba wá sọ òfin tí ó fi dè é mọ́ Ọ̀yọ́. Ìjọba dáhùn pé bí gómìnà bá ti sọ̀rọ̀, ó parí. Ẹjọ́ náà lọ sí Lọ́ńdọ̀nù lẹ́ẹ̀mejì. Ní oṣù Kẹta ọdún 1931, Adájọ́ Atkin ka ìdájọ́ Privy Council. Kókó rẹ̀ ni pé kò sí aláṣẹ kankan tí ó lè fọwọ́ kan òmìnira tàbí ohun ìní ènìyàn, àfi bí ó bá lè fi hàn níwájú ilé ẹjọ́ pé òfin fún un láṣẹ láti ṣe é. Ṣé olóyè tí òfin náà ń wí ni Èṣùgbàyí? Ṣé wọ́n yọ ọ́ bí àṣà ti wí? Ṣé àṣà sọ pé ẹni tí a bá yọ gbọ́dọ̀ kúrò nílùú? Àwọn adájọ́ náà ní ilé ẹjọ́ ni yóò yẹ ìbéèrè mẹ́ta wọ̀nyí wò, kì í ṣe gómìnà.

Gómìnà tuntun, Donald Cameron, dé lọ́dún náà, ó sì yàn láti fi ọ̀rọ̀ pẹ̀lẹ́ parí ìjà. Èṣùgbàyí padà sí Èkó ní 1931, ó sì padà sí Ìga. Kò pẹ́ lórí oyè mọ́. Ó kú ní 1932.

KÍ NI A RÍ KỌ́?

Ẹ̀kọ́ kìíní ni pé àmánà ni àṣẹ. Bí olóyè ti ń mójú tó ilẹ̀ fún ìdílé, bẹ́ẹ̀ ni ọba, gómìnà àti ààrẹ ń mójú tó àṣẹ fún àwọn ènìyàn. Ẹni tí ó bá rò pé tòun ni, ọjọ́ ìṣirò ń bọ̀ láyé àti lọ́run.

Ẹ̀kọ́ kejì ni pé aláṣẹ gbọ́dọ̀ fi ọ̀rọ̀ lọ àwọn ènìyàn. Suura kan wà nínú Àlùkùránì tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Shura, ìyẹn ìfikùnlukùn. Ká ní ìjọba fi ọ̀rọ̀ omi lọ àwọn ará Èkó ni, bóyá ìjà náà ì bá má dé ibi tí ó dé. Ìdájọ́ àwọn ìyá wa nínú ọjà náà nìyẹn. Ní 1940, ìjọba ní kí obìnrin Èkó tí owó tí ń wọlé fún un bá ju £50 lọ lọ́dún máa san owó orí. Alimotu Pelewura, Mùsùlùmí tí ó jẹ́ olórí àwọn obìnrin ọjà, kó wọn jáde ní oṣù Kejìlá. Wọ́n ní àwọn tí kò lè dìbò kò yẹ kí wọ́n san owó orí. Ìjọba gbé iye náà sókè sí £200, kò sì kan ọ̀pọ̀ wọn mọ́.

Ẹ̀kọ́ kẹta ni pé òfin ju aláṣẹ lọ. Ẹ má rò pé ọ̀rọ̀ náà ti di àfìsẹ́yìn. Ní oṣù Kẹta ọdún 2020, ìjọba ìpínlẹ̀ Kano yọ Ẹ́míà Muhammadu Sanusi Kejì lóyè, wọ́n sì gbé e lọ sí ìgbèkùn ní ìpínlẹ̀ Nasarawa. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 2021, ilé ẹjọ́ gíga ìjọba àpapọ̀ dájọ́ pé lílé tí wọ́n lé e kúrò nílùú lòdì sí òfin orílẹ̀-èdè wa. Láti Ọ̀yọ́ ti 1925 dé Nasarawa ti 2020, ìbéèrè kan náà ni: òfin wo ni o fi ṣe é?

Ẹ̀kọ́ kẹrin kan àwa fúnra wa. Nígbà tí Olúwa àti Macaulay ṣọ̀kan, wọ́n gba ẹ̀tọ́ lórí ilẹ̀ Àpápá. Nígbà tí Lẹ́mọ́mù àti Jàmáà tú ká, ẹni òde ni ó jèrè. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ wa, bí ẹ bá dìbò, bí wọ́n bá yàn yín sípò, kódà bí ó jẹ́ ipò akápò ẹgbẹ́ lásán, ẹ rántí ìbéèrè tí a fi bẹ̀rẹ̀. Ta ni ó fi ọba jẹ? Ọlọ́hun ni ó ni àṣẹ, àwọn ènìyàn ni ó fi ọba jẹ, òfin ni ó sì ń ṣọ́ ọ lórí àga.

Kí Ọlọ́hun fún wa ní olórí rere, kí ó sì jẹ́ kí àwa náà jẹ́ ọmọ ìlú rere. Àmín.