Bothy
Bothy jẹ́ ilé kékeré tí kò ní olùtọ́jú, tí àwọn tó ń fẹsẹ̀ rin orí òkè ń sùn sí mọ́jú lọ́fẹ̀ẹ́. Scotland ló pọ̀ sí jù. Díẹ̀ wà ní England àti Wales. Ilé darandaran tàbí òṣìṣẹ́ oko ni ọ̀pọ̀ wọn tẹ́lẹ̀. Ẹgbẹ́ Mountain Bothies Association, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1965, ń tún nǹkan bí 100 ṣe pẹ̀lú ìyọ̀ǹda àwọn onílẹ̀. Kò sí iná mànàmáná tàbí omi ẹ̀rọ níbẹ̀, àfi pèpéle onípákó, nígbà mìíràn ààrò. Àlejò ń gbé oúnjẹ àti ohun ìsùn dání. Ó gbọ́dọ̀ kó ìdọ̀tí rẹ̀ lọ, kí ó sì pa ilẹ̀kùn dé kí ẹran má bàa há sínú. Bothy ń dáàbò boni lọ́wọ́ òjò àti òtútù.