Ọmọlangidi: Ẹ̀bùn Àgbà fún Ọmọdé ní Èkìtì

Nínú ìtàn ọnà igi Èkìtì, ilẹ̀kùn ààfin Ìkẹ́rẹ́ tí Ọlọ́wẹ̀ ará Ìsẹ̀ gbẹ́, tí wọ́n pàtẹ ní Wembley ní Lọ́ńdọ̀nù lọ́dún 1924, ló máa ń gba iwájú. Ṣùgbọ́n ọnà igi kò pin sí ààfin. Ọmọlangidi wà pẹ̀lú: igi pẹlẹbẹ tí ó lórí, tí ó lójú, tí àgbà lè gbẹ́ fún ọmọ-ọmọ rẹ̀. Ọmọbìnrin a fi ọ̀já pọ̀n ọ́n, a rẹ̀ ẹ́, a sì tipa bẹ́ẹ̀ kọ́ ìtọ́jú ọmọ. Ilẹ̀kùn Ìkẹ́rẹ́ di ohun ìpamọ́ ní British Museum. Orúkọ àwọn tí ó gbẹ́ ọ̀pọ̀ ọmọlangidi kò sí nínú ìwé. Bí ọmọlangidi oníke ti gba ọjà, kì í ṣe igi nìkan ni ó ń lọ. Ẹ̀kọ́ tí àgbà ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbẹ́ fún ọmọ ń bá a lọ.