Àwọn Ilé Tí A Bá Ní Kàdúná

Ẹ̀yin ará, ọ̀pọ̀ nínú wa ló máa ń gba iwájú Lugard Hall kọjá bí a bá ń lọ sí ọjà lọ́jọ́ Sátidé, ṣùgbọ́n mi ò rò pé ẹnikẹ́ni ń wò ó lẹ́ẹ̀mejì. Èmi náà kì í wò ó tẹ́lẹ̀. Ohun tí mo máa ń wò ni bóyá ọkọ̀ dí ojú ọ̀nà. Ohun tó la ojú mi sí ilé àtijọ́ ni ọ̀rọ̀ kan tó délẹ̀ níbi ìpàdé ìjọ wa lóṣù tó kọjá, pé kí a wó ilé àlùfáà àtijọ́ tó wà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì, kí a fi ilẹ̀ rẹ̀ kọ́ gbọ̀ngàn. Ẹ̀yin náà mọ ilé ọ̀hún, ilé alámọ̀ tí wọ́n fi símẹ́ǹtì rẹ́, tí páànù rẹ̀ ti dípẹtà. Mo dìbò pé kí a wó o. Nígbà tí mo délé, oorun ò kùn mí.

Kàdúná kì í ṣe ìlú àtayébáyé bíi Zaria tó wà nítòsí wa. Àwọn Gbagyi ló ń dáko káàkiri ibí, odò ló sì fún ìlú lórúkọ. Àwọn Haúsá ń pe ọ̀nì ní kada, ọ̀nì sì pọ̀ nínú odò náà nígbà yẹn. Lugard ló yan ibẹ̀ ní 1913 pé kí ó di olú-ìlú Àríwá dípò Zungeru, nítorí reluwé àti nítorí omi. Wọ́n kó nǹkan láti Zungeru wá síbí, títí kan apá kan lára afárá ẹlẹ́sẹ̀ tí Lugard ṣe níbẹ̀. Afárá yẹn wà lára àwọn ohun ìrántí tí ìjọba àpapọ̀ fi òfin dáàbò bò. Irin lásán o! Ṣùgbọ́n ẹnì kan kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀, kò sì sẹ́ni tó lè tà á fún àwọn oníràwọ́ irin.

Lugard Hall ní tirẹ̀, ibẹ̀ ni àwọn aṣòfin Àríwá ń jókòó sí láti 1947. Ní 1953, Enahoro dá a lábàá ní Èkó pé kí Náíjíríà gba òmìnira ní 1956. Àwọn aṣojú Àríwá kò fara mọ́ ọn, àwọn èrò Èkó sì hó lé wọn lórí. Nígbà tí wọ́n padà sí Kàdúná, wọ́n fọwọ́ sí ètò oníkókó mẹ́jọ tí ì bá fẹ́rẹ̀ẹ́ tú orílẹ̀-èdè yìí ká. Inú gbọ̀ngàn tí à ń fi mọ́tò wa yípo lójoojúmọ́ ni irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ ti wáyé. Ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ìpínlẹ̀ ló jogún rẹ̀.

Pápá ìṣeré Ahmadu Bello ńkọ́? Àwọn ará Ìlú Ọba méjì, Maxwell Fry àti ìyàwó rẹ̀ Jane Drew, ló yàwòrán rẹ̀. Àwọn náà ló yàwòrán Yunifásítì Ìbàdàn. Ẹni tó bá kàwé ní Ìbàdàn kó lọ wò ó dáadáa, á rí i pé ọwọ́ kan náà ni.

Arewa House ló mú mi dúró pẹ́ jù. Ilé Sàdáúnà, Ahmadu Bello, olórí ìjọba Àríwá ni. Lóru ọjọ́ 15 oṣù kìíní ọdún 1966, àwọn sójà tí Májọ̀ Nzeogwu kó lẹ́yìn ya wọ ilé náà, wọ́n sì pa á. Inú ìlú yìí ni wọ́n bí Nzeogwu fúnra rẹ̀ sí, orúkọ rẹ̀ kan sì ni Kaduna. A ní ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ, àwọn òbí rẹ̀ wo ìlú. Ní 1970, wọ́n sọ ilé náà di ibùdó ìtàn lábẹ́ Yunifásítì Ahmadu Bello. Abdullahi Smith ló kọ́kọ́ darí rẹ̀, Gẹ̀ẹ́sì tó di Mùsùlùmí, tó sì ti ṣe olùkọ́ ní Ìbàdàn rí. Títí dòní, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń lọ ka ìwé àtijọ́ níbẹ̀.

Lóru yẹn kan náà, nínú ilé mìíràn ní Kàdúná yìí, wọ́n pa Bírígédíà Samuel Ademulegun, ọmọ Oǹdó, tó jẹ́ ọ̀gá àwọn sójà níbí, òun àti Latifat ìyàwó rẹ̀. Wọ́n pa Kọ́nẹ́ẹ̀lì Ralph Shodeinde náà. Mo bi àwọn ọ̀dọ́ wa léèrè lẹ́yìn ìsìn. Gbogbo wọn ló mọ Sàdáúnà, torí pé orúkọ rẹ̀ wà lára títì àti pápá ìṣeré. Ẹyọ kan péré ló ti gbọ́ orúkọ Ademulegun rí, ó ní ṣé kì í ṣe orúkọ àdúgbò kan ní Oǹdó ni.

Kí wá ni ti àwa tí a kì í ṣe ọ̀gá sójà? Àwọn bàbá wa bá reluwé wá. Akọ̀wé wà nínú wọn, káfíńtà wà, oníṣòwò Ògbómọ̀ṣọ́ náà kò gbẹ́yìn. Nígbà tí Kaduna Textiles bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1957, àwọn mìíràn tún dé. Owó oṣù díẹ̀díẹ̀ ni wọ́n fi kọ́lé. Ilé iṣẹ́ aṣọ yẹn ti kógbá sílé. Ní oṣù kejì ọdún 2000, nígbà rògbòdìyàn Sharia, ṣọ́ọ̀ṣì jóná, mọ́ṣáláṣí jóná, ilé àdáni jóná. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ta ohun tó kù, Kristẹni sọdá odò sí gúúsù, Mùsùlùmí sọdá sí àríwá. Ìwé ìrìbọmi àti ti ìgbéyàwó bá iná lọ ní ibi púpọ̀. Ilé àlùfáà wa yìí wà lára ohun tí iná kò dé.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo yí i ká. Lára ògiri ẹ̀yìn, nísàlẹ̀ fèrèsé ilé ìdáná, ẹnì kan ti fi ìka kọ ọdún sínú símẹ́ǹtì kó tó gbẹ. Òjò ti nu nọ́ńbà tó gbẹ̀yìn, 195 ló kù. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ni lẹ́tà méjì, J àti A. Mo bi Màmá tó dàgbà jù nínú ẹgbẹ́ obìnrin, wọ́n ní àwọn rò pé káfíńtà ni, pé ó máa ń kọrin tó bá ń gbá ìṣó, ṣùgbọ́n orúkọ ò wá sí wọn lẹ́nu mọ́.

Mo ti kọ̀wé sí ìgbìmọ̀ pé kí wọ́n tún gbé ọ̀rọ̀ náà wá sípàdé, ìbò tèmi ti yí padà. Bí wọ́n bá sì ṣì fẹ́ wó o, kí wọ́n fún wa ní oṣù mẹ́ta. Kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ mi. Lọ́jọ́ Sátidé, láago mẹ́jọ àárọ̀, a óò wọn yàrá kọ̀ọ̀kan, a óò sì ya fọ́tò. Ẹni tó bá ní fọ́tò ìgbéyàwó tí ilé náà hàn lẹ́yìn rẹ̀, ẹ jọ̀wọ́ ẹ mú un dání. Ẹni tó bá mọ J. A., ẹ wá sọ fún wa.