Iná ìkìlọ̀ bíréèkì

Iná ìkìlọ̀ bíréèkì ni iná pupa tí ó máa ń tàn lójú dáṣíbọ́ọ̀dù ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ bí bíréèkì bá ń fẹ́ àmójútó. Nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀, ó máa ń tàn fún ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ tí a bá yí kọ́kọ́rọ́, yóò sì kú. Bí kò bá kú, kí a kọ́kọ́ wò ó bóyá a ti sọ bíréèkì ọwọ́ kalẹ̀ tán.

Lẹ́yìn èyí, a ó yẹ ike òróró bíréèkì wò lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì. Ó yẹ kí òróró náà wà láàárín àmì MIN àti MAX. Òróró bíréèkì kì í jó tán bí epo bẹntiróòlù. Bí ó bá ń fà díẹ̀díẹ̀, ó sábà jẹ́ pé páàdì ti fẹ́lẹ́. Bí ó bá yára fà, ó ń jò níbì kan. Nítorí náà, bíbu òróró kún un nìkan lè pa iná náà láì tún ohun tí ó bàjẹ́ ṣe.

Irú èyí tí a kọ sára ìdérí ike náà, bíi DOT 3 tàbí DOT 4, ni kí a lò. Òróró ẹ́ńjìnnì máa ń ba rọ́bà inú bíréèkì jẹ́. Bí bíréèkì bá ń rì lábẹ́ ẹsẹ̀, a kò gbọ́dọ̀ wa ọkọ̀ náà rárá.