Àgbọ̀nrín Ẹ̀gbẹ́ Oko: Bó Ṣe Ń Wá sí Ọ̀tà Nígbà Kan, àti Ohun Tó Lé E Lọ

Ìbéèrè kan ń wọlé sí wa lemọ́lemọ́. Ẹnì kan ní eka méjì ní Àtan tàbí Ìlógbò, ó wo fídíò òyìnbó Amẹ́ríkà tó gbin koríko sí ilẹ̀ kékeré, àgbọ̀nrín wá jẹ ẹ́, òyìnbó jókòó sórí igi, ó yìnbọn, ó di ẹran. Wọ́n ń bi wá pé: ṣé àwa náà ò lè ṣe é ni? Ẹran ìgbẹ́ mà ti wọ́n!

Ìdáhùn wa ò kúrú, torí ọ̀rọ̀ yìí ní ìtàn, orí ilẹ̀ tí ẹ ń ro yìí náà ló sì ti ṣẹlẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ ẹran tí à ń sọ. Àgbọ̀nrín tiwa kọ́ ni ti inú fídíò yẹn. Ti Amẹ́ríkà a máa bọ́ ìwo rẹ̀ sílẹ̀ lọ́dọọdún, á sì hu òmíràn. Tiwa, akọ nìkan ló ń hùwo, ìwo náà kì í sì í bọ́ títí ẹran á fi kú. Òun ni ẹran pupa rúsúrúsú tó ní ilà àti tó-tò-tó funfun lára, tí àwọn kan ń pè ní ìgalà. Akọ tó dàgbà dáadáa lè tó ọgọ́ta kílò. Ẹtu kéré sí i gan-an, kílò mẹ́jọ sí mẹ́wàá ni. Àwọn méjèèjì yìí ni àwọn bàbá wa máa ń rí lẹ́bàá oko.

Àwọn Àwórì tó ni ilẹ̀ Ọ̀tà sọ nínú ìtàn wọn pé ọdẹ ni Ògúnfúnmiire tó ṣáájú wọn sọ̀ kalẹ̀ láti Ifẹ̀ wá sí Ìṣẹ́rì létí odò Ògùn. Iṣẹ́ ọdẹ kì í ṣe àjèjì níbí. Ṣùgbọ́n ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn ò ro ni pé kì í ṣe inú igbó kìjikìji ni ẹran yìí fẹ́ràn jù. Kò fẹ́ gbangba, kò sì fẹ́ igbó dúdú. Etí ló fẹ́: ibi tí oko parí sí, tí igbó ti bẹ̀rẹ̀, tí omi ò sì jìnnà.

Ta ló ń ṣe etí yẹn fún un? Àgbẹ̀ ni. Ẹ wo bí àwọn ará àtijọ́ ṣe ń dáko. Wọ́n á ṣán igbó, wọ́n á sun ún, wọ́n á gbin iṣu, àgbàdo, ẹ̀gẹ́ àti ẹ̀wà fún ọdún mẹ́ta tàbí mẹ́rin. Tí ilẹ̀ bá ti ṣá, wọ́n á fi í sílẹ̀ kó sinmi, wọ́n á sún síwájú. Ilẹ̀ tó ń sinmi yẹn, tí igi kéékèèké àti ewé tútù ti ń hù lórí rẹ̀, ni ilé àgbọ̀nrín. Ọ̀sán ló fi ń sùn níbẹ̀, ìdájí, ìrọ̀lẹ́ àti òru ló fi ń jáde wá jẹ ewé ẹ̀wà, ewé ànàmọ́ àti ilá nínú oko tuntun. Àgbẹ̀ ń bínú pé ẹran ń jẹ oko òun, òun náà ló sì kọ́lé fún ẹran.

Ọdẹ mọ gbogbo èyí láìka ìwé. Bí ẹ bá bi àwọn àgbà ọdẹ ní agbègbè yìí, igi ìyeyè ni wọ́n á kọ́kọ́ dárúkọ. Nígbà tí ìyeyè bá ń jábọ́, ẹtu àti àgbọ̀nrín á máa wá ṣà á jẹ nílẹ̀ lóru. Àgbẹ̀ tó gbọ́n kì í gé ìyeyè tàbí òro tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ oko rẹ̀. Ọdẹ á wo ipasẹ̀ pátákò, á wo ibi tí afẹ́fẹ́ ń fẹ́ gbà kí ẹran má baà gbóòórùn rẹ̀, á so igi bíi mélòó kan mọ́ ẹ̀ka, á gun orí rẹ̀ lúgọ. Àwọn mìíràn á dúró de ibi tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ sun, torí nígbà tí òjò àkọ́rọ̀ bá rọ̀ sí ilẹ̀ tí iná jó, koríko tútù á yọ, ẹran á sì wá. Tàkúté wà, okùn wà, ajá ọdẹ wà. Ẹ ó rí i pé ohun tí òyìnbó ń ṣe nínú fídíò yẹn, àwọn bàbá wa ti ń ṣe é, láìra irúgbìn koríko kankan.

Ní ọ̀pọ̀ ìlú Yorùbá, ọba tàbí baálẹ̀ ní ìpín tirẹ̀ nínú ẹran ńlá. Ìpín yẹn kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹnu dídùn lásán. Tó o bá ń gbé ìpín lọ fún baálẹ̀, ó mọ iye tí wọ́n ń pa, ó sì mọ ẹni tó ń pa á.

Ìyípadà kò dé lọ́jọ́ kan. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ ojú irin láti Èkó ní 1896, ó gba Agége, Agbádó àti Ìjókò, wọ́n sì ṣí i dé Ìbàdàn ní 1901. Àwọn àgbẹ̀ ńlá bíi J. K. Coker ní Agége ti ń gbin kòkó nígbà náà, obì náà sì tàn dé ẹ̀gbẹ́ Ọ̀tà. Igi obì kì í ṣe oko ọdún mẹ́ta, kì í jẹ́ kí ilẹ̀ sinmi. Síbẹ̀ abẹ́ obì ní òjìji, àgbọ̀nrín àti ẹtu sì ṣì rí ibi sá sí. Ìjọba amúnisìn ṣe òfin ìdáàbòbò ẹranko ìgbẹ́ ní 1916, wọ́n sì ya igbó ọba sọ́tọ̀. Igbó Ọmọ ní apá ìlà oòrùn ìpínlẹ̀ wa di igbó ọba ní 1925. Apá ọ̀dọ̀ wa níbí kò ní irú igbó bẹ́ẹ̀. Ilẹ̀ àgbẹ̀ tó ń sinmi nìkan ni ẹran tiwa gbẹ́kẹ̀ lé.

Ilẹ̀ yẹn gan-an ló wá tán. Wọ́n dá ìpínlẹ̀ Ògùn sílẹ̀ ní ọjọ́ 3 oṣù kejì ọdún 1976. Òfin lílo ilẹ̀ jáde ní 1978, ó fún gómìnà lágbára lórí ilẹ̀. Ní 1979, Ọbásanjọ́ fi ipò olórí ìjọba sílẹ̀, ó wá ṣe oko ńlá sí Ọ̀tà. Ilé-iṣẹ́ ń dé láti Èkó, títì márosẹ̀ gba Sango kọjá, àwọn òṣìṣẹ́ ń wá ilé. Ẹni tó bá ní ilẹ̀ tó ń sinmi, ojú ẹni tí ilẹ̀ rẹ̀ ń ṣòfò ni wọ́n fi ń wò ó. Ó tà á ní pílọ́ọ̀tì-pílọ́ọ̀tì. Katapílà wọlé, ó hú ìyeyè àti òro kúrò. Odò Àtùwàrà tí ẹran ń mu, omi ìdọ̀tí ilé-iṣẹ́ ń wọ inú rẹ̀. Àwọn kan máa ń sọ pé ìbọn ọdẹ ló pa àgbọ̀nrín Ọ̀tà tán. Àwa ò gbà bẹ́ẹ̀. Ọdẹ ti wà láti ìgbà Ìṣẹ́rì, ẹran ò sì tán. Ìgbà tí ilẹ̀ ò sinmi mọ́ ni ìbọn tó wá lágbára láti pa èyí tó kù.

Ní 2014 nígbà tí Ẹbólà wọ Èkó ní oṣù keje, ọ̀pọ̀ èèyàn sá fún ẹran ìgbẹ́. Àjọ ìlera àgbáyé kéde ní ọjọ́ 20 oṣù kẹwàá pé ó ti kúrò ní Nàìjíríà, àwọn oníbàárà sì padà. Ẹran ni kò padà.

Ti Amẹ́ríkà ńkọ́? Ẹ gbọ́ èyí tí fídíò ò sọ. Ní nǹkan bí ọdún 1900, àgbọ̀nrín tiwọn náà fẹ́rẹ̀ẹ́ tán, kò ju ìdajì mílíọ̀nù lọ ní gbogbo ilẹ̀ wọn. Wọ́n ṣe òfin Lacey ní 1900 láti dá òwò ẹran tí wọ́n pa lọ́nà àìtọ́ dúró. Wọ́n ti ìgbà ọdẹ pa ní oṣù kan, wọ́n ṣí i ní òmíràn, wọ́n ní kí ọdẹ gba ìwé àṣẹ. Láti 1937, owó orí ìbọn àti ọta ń lọ sí ìtọ́jú ẹranko. Lónìí wọ́n ní bíi ọgbọ̀n mílíọ̀nù. Abo tiwọn sì máa ń bí ìbejì. Tiwa, lẹ́yìn oyún bí oṣù mẹ́fà, ọmọ kan ṣoṣo ni. Ẹni tó bá wo koríko inú fídíò nìkan, àgbọ̀nrín èṣí ló ń jẹ lọ́bẹ̀.

Nítorí náà, ẹ̀yin tí ẹ ní eka méjì ní àárín ilé, ẹ má dẹ ìgbẹ́ níbẹ̀. Ọta ìbọn kì í mọ ààlà pílọ́ọ̀tì, ẹni tó ń já ewé lódì kejì lè jẹ́ ìyá yín. Òfin ìbọn ti 1959 ní kí oníṣakabùlà pàápàá gba ìwé àṣẹ. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má fi oògùn apakòkòrò sínú oúnjẹ dè é. Ẹni tó bá jẹ ẹran yẹn jẹ májèlé, ajá yín náà á kú. Tó bá jẹ́ owó ẹran ìgbẹ́ lẹ ń wá, ẹ sin ọ̀yà nínú àgò: akọ kan pẹ̀lú abo mẹ́rin, oyún bí oṣù márùn-ún, ọmọ mẹ́rin lẹ́ẹ̀kan lápapọ̀.

Àmọ́ ẹ̀yin tí oko yín kan odò ní apá Ìgbẹsà tàbí Adó-Odò, tí ẹ ṣì ní ilẹ̀ díẹ̀ tí ẹ lè fi sílẹ̀, ẹ fi etí odò sílẹ̀ láìro ó, ẹ jẹ́ kí ìyeyè dúró. Wáyà tàbí àwọ̀n yí ẹ̀wà ká fún ìgbà tó ń yọ ewé tó láti gbà á lọ́wọ́ ẹran. Bí ẹ bá rí ipasẹ̀ pátákò níbẹ̀ láàárọ̀, ẹ ya fọ́tò rẹ̀ fún wa, kí ẹ kọ oṣù tí ẹ rí i. Ẹ má kọ orúkọ oko o, torí àwọn ọdẹ náà ń ka pèéjì yìí.