Àwọn Asásálà Ẹ̀gbá àti Ilẹ̀ Èbúté Mẹ́ta

Ogun ló kó ọ̀pọ̀ àwọn baba ńlá Èbúté Mẹ́ta débẹ̀. Kì í ṣe ogun òyìnbó. Ogun tí Yorùbá ń bá Yorùbá jà ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún ni. Láti oṣù kẹwàá ọdún 1867 ni àwọn onígbàgbọ́ Abẹ́òkúta ti ń ya wọ Èkó, tọkọtaya, tọmọtọmọ, tí John Hawley Glover, aláṣẹ ìlú nígbà náà, sì fún wọn ní ilẹ̀ lókè odò, níbi tí igbó pọ̀ ju ilé lọ. Ọgọ́rin ọdún ló kọjá kí ìjọba tó ṣe òfin pàtó lórí ilẹ̀ náà. Ní gbogbo àkókò yẹn, àwọn ẹbí wọ̀nyí kò fi ibẹ̀ sílẹ̀.

Kò yani lẹ́nu pé wọ́n rọ̀ mọ́ ọn. Ogun tó tẹ̀lé ìparun Òwu ló fọ́ àwọn ìlú Ẹ̀gbá, tí àwọn tó yè fi kó ara wọn jọ sábẹ́ Òkè Olúmọ ní nǹkan bí 1830, tí Ṣódẹkẹ́ ṣe olórí wọn. Àwọn ará wọn mìíràn kò ríbi sá sí: wọ́n tà wọ́n fún ọkọ̀ ẹrú, ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì gbà wọ́n lójú òkun, ó sì kó wọn lọ sí Freetown. Láti 1839 ni àwọn wọ̀nyí, tí a ń pè ní Sàró, ti ń padà wálé. Ẹ wo ìyá àgbà kan tó bọ́ lọ́wọ́ ogun abúlé rẹ̀ lọ́mọdé, tó gbé Freetown, tó padà kọ́lé sí Abẹ́òkúta. Ilé yẹn náà ni àwọn ará Abẹ́òkúta tún wá fọ́ mọ́ ọn lórí ní 1867.

Ohun tó fà á tí àwọn onígbàgbọ́ fi sá kúrò ní Abẹ́òkúta ní 1867 kò ṣẹ̀yìn Èkó. Ẹ̀gbá gbè sẹ́yìn Ìjàyè láti bá Ìbàdàn jà láti 1860, ṣùgbọ́n Ìjàyè fọ́ ní 1862. Láàárín ogun yẹn ni Gẹ̀ẹ́sì gba Èkó lọ́wọ́ Ọba Dòsùnmú, ní oṣù kẹjọ 1861. Nígbà tí Ẹ̀gbá dó ti Ìkòròdú, Glover kó ọmọ ogun lọ bá wọn ní oṣù kẹta 1865, ó sì tú wọn ká. Láti ìgbà náà ni Abẹ́òkúta ti gbà pé ìjọba Èkó fẹ́ gba ilẹ̀ àwọn. Ọ̀gbẹ́ni G. W. Johnson, tí òun náà jẹ́ Sàró, dá Egba United Board of Management sílẹ̀ láti máa gba owó ibodè àti láti bá Èkó sọ̀rọ̀ bí ìjọba sí ìjọba. Nígbà tí Glover tún fi ọlọ́pàá sí ibi tí Ẹ̀gbá kà sí ilẹ̀ wọn, ọ̀rọ̀ bẹ́yìn yọ. Ní 13 oṣù kẹwàá 1867, ọjọ́ Ìsinmi, àwọn Ẹ̀gbá ya wọ ṣọ́ọ̀ṣì àti ilé àwọn míṣọ́nnárì, wọ́n sì kó ẹrù ibẹ̀ lọ. Ìfọ́lé ni Ẹ̀gbá ń pe ọ̀rọ̀ náà di òní. Ìwé Ìròhìn, ìwé ìròyìn tí míṣọ́nnárì Henry Townsend ń tẹ̀ ní Abẹ́òkúta láti 1859, náà kú mọ́ ọn.

Glover, tí àwọn èèyàn ń pè ní Ọba Gólóbà, la títì tó tọ́ gbọnrangandan sí Èbúté Mẹ́ta, ó sì pín ilẹ̀ fún àwọn asásálà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Èmi kò gbà pé àánú nìkan ló ṣe é: ibi tí èèyàn bá ń gbé lókè odò yóò ṣòro fún ẹlòmíràn láti gbà lọ́wọ́ ìjọba rẹ̀. Nígbà tí ọ̀nà Abẹ́òkúta sì là, tí àwọn míṣọ́nnárì padà, ọ̀pọ̀ ẹbí dúró. Ogun Kírìjí, òmíràn nínú àwọn ogun Yorùbá sí Yorùbá, ń jó ní òkè láti 1877 títí di 1893, ọ̀nà ọjà ń dí, ilẹ̀ sì wá di ohun tó ṣeé gbára lé. Ní 1887 ni Gómìnà Moloney dá ọgbà ọ̀gbìn ìjọba sílẹ̀ ní Èbúté Mẹ́ta gan-an, níbi tí àwọn àgbẹ̀ ti ń gba irúgbìn kòkó àti kọfí.

Ṣùgbọ́n ta ló ni ilẹ̀? Ibí ni ọ̀ràn ti le. Èbúté Mẹ́ta wà lábẹ́ Ọlọ́tọ̀, ọ̀kan nínú àwọn Ìdẹ̀jọ tó ni ilẹ̀ Èkó. Nínú àṣà wa, àlejò tí a fún ní ilẹ̀ ń san ìṣákọ́lẹ̀. Ó lè gbin ẹ̀gẹ́ àti àgbàdo. Kò gbọdọ̀ gbin obì tàbí kòkó láìgba àṣẹ, nítorí igi tó ń so fún ogójì ọdún ń jẹ́rìí pé ẹni tó gbìn ín kò ní í lọ mọ́. Ìjọba ní tirẹ̀ ń sọ pé ìwé tí Dòsùnmú fi gbé Èkó sílẹ̀ ní 1861 ti sọ ilẹ̀ di ti ọba Gẹ̀ẹ́sì. Asásálà wà láàárín méjèèjì. Kò jẹ́ onílẹ̀, kò sì gbà pé àtìpó lòun, nígbà tó jẹ́ pé aláṣẹ ìlú ló fi ọwọ́ ara rẹ̀ fún òun.

Ní 1921, lórí ilẹ̀ Àpápá, Àmọ́dù Tìjání tó jẹ́ Olúwa Èkó, Ìdẹ̀jọ lòun náà, bá ìjọba ṣẹjọ́ dé Privy Council ní Lọ́ńdọ́nù, Herbert Macaulay, olóṣèlú Èkó, sì wà lẹ́yìn rẹ̀. Àwọn adájọ́ sọ pé ìwé 1861 kò pa ẹ̀tọ́ àwọn ará ìlú lórí ilẹ̀ wọn rẹ́. Ìdájọ́ yẹn dùn mọ́ àwọn Ìdẹ̀jọ, ó sì tọ́. Fún ọmọ asásálà, ó tún sọ ìbéèrè ilẹ̀ tirẹ̀ di ńlá. Ní 1947 ni ìjọba wá ṣe Glover Settlement Ordinance, òfin tí wọ́n ṣe fún ilẹ̀ yìí nìkan. Ìgbà náà, àwọn tí Glover fi ọwọ́ ara rẹ̀ pín ilẹ̀ fún ti di ará ọ̀run.

Ní 1967, ọgọ́rùn-ún ọdún lẹ́yìn Ìfọ́lé, ogun abẹ́lé mìíràn, ti Nàìjíríà, bẹ́ sílẹ̀, ìbéèrè ẹni tó ni ilé tí ogun lé onílé kúrò níbẹ̀ sì tún dé Èkó. Ọ̀pọ̀ onílé Ígbò ní Yábàá àti Súrùlérè ti tilẹ̀kùn ilé, wọ́n ti forí lé ìlà-oòrùn. Nígbà tí ogun parí ní oṣù kìn-ín-ní 1970, àwọn tó padà sí Port Harcourt bá ẹlòmíràn nínú ilé wọn, ìjọba ibẹ̀ sì kà á sí dúkìá tí a pa tì. Ìjọba Èkó, lábẹ́ Mobọ́lájí Johnson tó jẹ́ gómìnà ológun, kò ṣe bẹ́ẹ̀. Ọ̀pọ̀ onílé gba ilé wọn padà, àwọn mìíràn sì gba owó ilé tí àwọn èèyàn ti bá wọn gbà pa mọ́.