Ọmọ Inú Ẹyin: Ìtàn Tamagotchi àti Àgbà Tó Ṣọ̀wọ́n Nínú Rẹ̀

Ó ti ṣe díẹ̀ tí mo ti kọ nǹkan gbẹ̀yìn; ìwé ìdánwò àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ni kò jẹ́ kí n ráyè. Lónìí, ohun ìṣeré ọmọdé kan ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe bú mi pé àgbàlagbà ń ṣeré ọmọdé o. Ọ̀rọ̀ èdè wà nínú rẹ̀, ìtàn wà nínú rẹ̀, gbèsè kan tí mo jẹ àbúrò mi obìnrin láti ọdún 1998 sì wà nínú rẹ̀ pẹ̀lú.

Tamagotchi ni orúkọ ohun ìṣeré náà. Ike kékeré tó rí bí ẹyin ni, ọmọdé lè fi àtẹ́lẹwọ́ bò ó. Bọ́tìnnì mẹ́ta ló wà lára rẹ̀, pẹ̀lú ojú dígí kóńkó tí àwòrán rẹ̀ kò ju tótótó dúdú 32 ní ìbú àti 16 ní òró lọ. Bátìrì méjì tó rí bíi bọ́tìnnì ẹ̀wù ló ń gbé e ṣiṣẹ́. Ilé-iṣẹ́ Bandai ló gbé e jáde ní ilẹ̀ Japan ní ọjọ́ 23, oṣù Kọkànlá, ọdún 1996. Akihiro Yokoi ti ilé-iṣẹ́ WiZ ló ro èrò rẹ̀, Aki Maita ti Bandai ló bá a gbé e dé ọjà. Ìpolówó ọjà kan tí Yokoi rí lórí tẹlifíṣọ̀n ló ta á lólobó: ọmọdékùnrin kan fẹ́ gbé ìjàpá rẹ̀ dání rìnrìn àjò, wọn kò sì gbà fún un. (Ẹ ò rí i pé kò sí ìtàn tí Ìjàpá kì í yọjú sí!) Yokoi bi ara rẹ̀ léèrè pé, ẹran ọ̀sìn wo ni ènìyàn lè gbé dání lọ síbi gbogbo? Maita ní tirẹ̀ lọ bá àwọn ọ̀dọ́mọbìnrin ní àdúgbò Shibuya ní ìlú Tokyo, ó bi wọ́n léèrè irú àwọ̀ àti irú ìrísí tó wù wọ́n.

Orúkọ rẹ̀ fúnra rẹ̀ dùn mọ́ mi. "Tamago" ni ẹyin lédè Japan. "Uotchi" sì ni bí wọ́n ṣe ń pe ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó túmọ̀ sí aago ọwọ́. Wọ́n gé èyí, wọ́n gé tọ̀hún, wọ́n so wọ́n pọ̀. Láti ìgbà náà ni "tchi" ti di ìparí orúkọ gbogbo ẹ̀dá tó ń gbé inú ẹyin yìí. Marutchi ni èyí tó rí rìbìtì, nítorí "maru" ni òbìrí lédè wọn. Kuchipatchi ni ẹlẹ́nu pẹrẹsẹ, nítorí "kuchi" ni ẹnu. Nyorotchi ni èyí tó ń wọ́ nílẹ̀ bí ejò. "Nyoro-nyoro" jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn ọ̀rọ̀ tí àwọn ará Japan fi ń fi ìró ya àwòrán ìrìn àti ìrísí, gẹ́gẹ́ bí àwa náà ṣe ń sọ pé nǹkan rí rogodo, pé ẹnìkan ń rìn jẹ́jẹ́, pé ilẹ̀kùn ṣí gbàgàdà. Nígbàkigbà tí mo bá fẹ́ fi han àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi pé Yorùbá kọ́ nìkan ló ní irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀, Nyorotchi ni mo máa ń fà yọ. Wọ́n a rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n wọn kì í gbàgbé.

Báwo ni a ṣe ń tọ́jú rẹ̀? Bí ẹ bá ti yí aago rẹ̀ sí àkókò tó yẹ, ẹyin kan yóò máa mì lójú dígí. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú márùn-ún, ó pa. Ọjọ́ kan tiwa ni ọdún kan tirẹ̀. Ọkàn mẹ́rin ni wọ́n fi ń díwọ̀n ebi rẹ̀, ọkàn mẹ́rin mìíràn ni ti ìdùnnú rẹ̀. Ó ń jẹun, ó ń yàgbẹ́, ó ń ṣàìsàn tí agbárí òkú á fi hàn lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Bí ó bá sùn, ẹ gbọ́dọ̀ pa iná fún un. Bí ó bá fẹ́ nǹkan, á ké píì-píì-píì. Ohun tó ṣe pàtàkì jù nínú ìtàn tèmi nìyí: nígbà mìíràn, kò sí ohun tó ṣe é rárá. Ikùn rẹ̀ kún, inú rẹ̀ dùn, síbẹ̀ á ké, bí ẹ bá sì gbé oúnjẹ fún un, á kọ̀ ọ́. Ìwà àkẹ́bàjẹ́ ni. Ìbáwí ló yẹ nígbà náà, àmì ìbáwí sì wà fún un.

Ní ọdún 1997, ayé dà rú nítorí ike yìí. Àwọn ènìyàn tò láti rà á ní Japan, èyí tó ní èèpo funfun sì di ohun tí wọ́n ń fi owó gọbọi wá kiri. Ní oṣù Karùn-ún ọdún náà, ó dé Amẹ́ríkà. Àwọn ilé ẹ̀kọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í fi òfin dè é, nítorí ọmọ tí ohun ọ̀sìn rẹ̀ ń kú lọ nínú àpò kò ní í gbọ́ ìṣirò sétí. Ní ọdún kan náà, wọ́n fún Maita àti Yokoi ní ẹ̀bùn Ig Nobel, ẹ̀bùn apanilẹ́rìn-ín tí wọ́n ń fún àwọn olùwádìí, nípa ètò ọrọ̀ ajé: wọ́n ní àwọn méjèèjì ti sọ àìmọye wákàtí tó yẹ kí ènìyàn fi ṣiṣẹ́ di wákàtí ìtọ́jú ẹran ọ̀sìn tí kò sí. Lẹ́yìn náà ni Bandai ṣe é ju bó ti yẹ lọ. Ọjà kù sílẹ̀, owó ńlá sì wọlẹ̀. Ó tún padà wá ní ọdún 2004, ó ń padà wá di òní. Ọdún 2023 ni èyí tó ń wọ íntánẹ́ẹ̀tì jáde.

Kí ni a ó pe ohun tí a ń ṣe fún un lédè wa? Ibí ni iṣẹ́ tèmi wà, ẹ jọ̀wọ́, ẹ fara dà á fún mi. A kì í "tọ́" adìẹ. Ọmọ là ń tọ́. A ń "sìn" adìẹ, ìdí nìyí tí a fi ń pè é ní ohun ọ̀sìn. Ṣùgbọ́n a tún ń sìn ọba, a sì ń sìn òrìṣà. Ọ̀rọ̀-ìṣe kan náà ló wà fún olówó adìẹ tó ń fọ́n àgbàdo àti fún ẹrú tó wólẹ̀ níwájú olúwa rẹ̀. Ẹni tó bá ti rí ọmọ tó sáré kúrò nídìí oúnjẹ nítorí pé ike ké nínú àpò rẹ̀ kò ní í bèèrè ẹni tó ń sin ẹnì kejì. Ó tún ku ọ̀kan. Ọ̀rọ̀-ìṣe olóhùn ìsàlẹ̀ a máa di olóhùn àárín bí ọ̀rọ̀-orúkọ bá tẹ̀ lé e, nítorí náà "sìn" tí a ń sin adìẹ àti "sin" tí a ń sin òkú a dún bákan náà. Bí mo bá sọ pé "mo sin Àdùkẹ́", ẹ kò lè mọ̀ bóyá mo bọ́ ọ ni tàbí mo bò ó mọ́lẹ̀. Àfi bí mo bá lo arọ́pò-orúkọ, kí n sọ pé "mo sìn ín" tàbí "mo sin ín", kí ó tó yé yín.

Èmi sin Àdùkẹ́ ní ọ̀nà méjèèjì.

Ní ọdún 1998, ìyàwó àbúrò bàbá wa ti ìlú Lọ́ńdọ̀nù dé, ó sì fún àbúrò mi ní Tamagotchi kan, aláwọ̀ ewé. Àbúrò mi ń lọ sí ilé ẹ̀kọ́ onílé-gbígbé nígbà náà, wọn kò sì gba ohun ìṣeré wọ ọgbà. Ẹyin náà ṣẹ̀ṣẹ̀ pa ní ọjọ́ mẹ́ta sí ọjọ́ tí ó máa padà ni. Ó ti sọ ọmọ náà ní Àdùkẹ́. Ó fi í lé mi lọ́wọ́ bí ìyá ṣe ń fi ọmọ lé alágbàtọ́ lọ́wọ́: "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ má jẹ́ kí ebi pa á o. Ẹ má jẹ́ kó sùn nínú ìmọ́lẹ̀." Ìdánwò JAMB ni mò ń kàwé fún, ṣùgbọ́n mo gbà.

Mo bọ́ Àdùkẹ́ tán pátápátá. Mo kó ìgbẹ́ rẹ̀, mo fún un lóògùn, mo bá a ṣeré. Ohun kan ṣoṣo ni n kò ṣe: n kò bá a wí. Ìdí rẹ̀ kò ju pé n kò mọ ohun tí àmì ìbáwí wà fún lọ. Ìgbà tí mo tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan, ọmọ náà fajú ro, mo sì pinnu pé n kò ní í tẹ̀ ẹ́ mọ́. Lẹ́yìn bí ọ̀sẹ̀ kan, ó dàgbà di ẹ̀dá kan tó dà bíi pé ó fi agọ̀ bo ojú. Lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan sí i, mo jí láàárọ̀, mo sì bá orí ọkùnrin àgbàlagbà lójú dígí. Àdùkẹ́ ti di bàbá! Mo rò pé ẹ̀rọ ti bàjẹ́ ni. Mo gbọ̀n ọ́n, mo fẹ́ atẹ́gùn sí i, bàbá náà kàn ń rìn síwá sẹ́yìn.

Ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn náà ni mo tó mọ ohun tó wà lọ́wọ́ mi. Nínú Tamagotchi àkọ́kọ́ yẹn, àgbà mẹ́fà ni ọmọ lè dà. Ọmọ tí a tọ́jú dáadáa tí a sì bá wí nígbà tó yẹ a di Mametchi, èyí tí gbogbo ènìyàn ń fẹ́. Ọmọ tí a pa tì tí a kò sì kọ́ a di Tarakotchi ẹlẹ́nu ńlá. Ọmọ tí a bọ́ yó ṣùgbọ́n tí a kò bá wí a di Maskutchi alágọ̀. Láti ara Maskutchi nìkan ni ẹ̀dá keje, èyí tí Bandai fi pamọ́, ti lè jáde. Kì í sì í ṣe gbogbo Maskutchi, àfi èyí tí a ti bà jẹ́ láti kékeré. Oyajitchi ni wọ́n ń pè é ní Japan. "Oyaji" ni bàbá tí ọmọ ń pè pẹ̀lú àìbìkítà díẹ̀. Nínú ẹ̀dà ti ilẹ̀ Òyìnbó, Bill ni wọ́n sọ ọ́. Àwọn ọmọdé káàkiri ayé ń fi ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀ wá a, wọ́n ń kọ iye ìgbà tí ó ké sínú ìwé. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ni kò rí i, nítorí pé wọ́n ń tọ́jú rẹ̀ dáadáa jù. Àwa Yorùbá ní orúkọ fún ọmọ tí a bí tí a kò kọ́: àbíìkọ́. Pé àbíìkọ́ ni ẹni tó ṣọ̀wọ́n jù lọ nínú ayé yẹn ṣì ń yà mí lẹ́nu, ó sì ń pa mí lẹ́rìn-ín, nítorí n kò tíì rí ibi tó ti ṣọ̀wọ́n láyé tiwa.

Ní ọjọ́ Ẹtì kan, mo bá ọ̀rẹ́ mi lọ sí ìsìnkú ìyá rẹ̀ àgbà ní Ìkirè. Mo gbàgbé ẹyin náà sábẹ́ ìrọ̀rí. Ọjọ́ Àìkú ni mo dé. Nínú ẹ̀dà ti Japan, iwin ló máa ń yọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibojì bí ọmọ náà bá kú. Nínú èyí tí wọ́n tà fún àwọn Òyìnbó, wọ́n pa ibojì rẹ́, wọ́n fi áńgẹ́lì abìyẹ́ tó ń fò láàárín ìràwọ̀ rọ́pò rẹ̀. Áńgẹ́lì ni mo bá.

Ẹ má ṣe fi mí rẹ́rìn-ín bí mo bá sọ pé ọkàn mi bàjẹ́. Ní ọdún 1998 kan náà, ìròyìn jáde nípa itẹ́ òkú ẹran ọ̀sìn kan ní Cornwall, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tí wọ́n ti ń sin Tamagotchi tó kú. Sherry Turkle, onímọ̀ kan ní MIT tó bá àwọn ọmọdé sọ̀rọ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún, kọ̀wé pé kì í ṣe ohun tí a fẹ́ràn nìkan là ń tọ́jú. Ohun tí a bá ń tọ́jú la máa ń wá fẹ́ràn. Àwọn ìyá wa tó wẹ ère ìbejì, tó fún un lóúnjẹ, tó rán ẹ̀wù fún un, mọ èyí kí ìwé tó dé. N kò sọ pé ọ̀kan náà ni àwọn méjèèjì o. Ẹnìkan ló kú tí a fi gbẹ́ ère. Lẹ́yìn Àdùkẹ́, kò sí ẹnì kankan.

Bí a bá tẹ bọ́tìnnì àkọ́kọ́ àti ìkẹta pọ̀, ẹyin tuntun á jáde. Mo tẹ̀ wọ́n. Mo sin èkejì, mo bá a wí lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, ó sì di Kuchipatchi ẹlẹ́nu pẹrẹsẹ. Nígbà tí àbúrò mi dé fún ìsinmi àárín sáà, ó ti lo ju ogójì ọjọ́ lọ nílé ẹ̀kọ́. Mo gbé ẹyin náà fún un. N kò sọ nǹkan kan nípa bàbá àgbà, n kò sọ nǹkan kan nípa Ìkirè. Ó pariwo pé Àdùkẹ́ ti dàgbà, ó ti lẹ́nu. Lẹ́yìn náà, ó tẹ bọ́tìnnì lọ sí ibi tí ọjọ́ orí wà. Ọjọ́ kan, ọdún kan: ó yẹ kí ó lé ní ogójì. Ohun tí ó wà níbẹ̀ ni 11.

Ó wò ó fún ìgbà díẹ̀. Ó gbójú sókè wò mí. Lẹ́yìn náà ló padà sí ibi oúnjẹ, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í bọ́ ọ.